Àrokò Inú Iṣu: Bí Sẹ́ẹ̀lì Ti Ń Ránṣẹ́ Sí Ara Wọn, àti Bí A Ti Ń Fara Wé Wọn Nínú Yàrá Ìwádìí

Àgbẹ̀ tí ó bá ti gbin iṣu fún ọdún mẹ́wàá ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré, tàbí ní ìletò èyíkéyìí ní apá gúúsù ilẹ̀ Èkìtì, kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ èyí fún un: bí a bá gé iṣu kan sí mẹ́ta láti fi ṣe èbù, èyí tí ó jẹ́ orí ni yóò kọ́kọ́ hù. Ti àárín àti ti ìdí yóò máa bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá sì fi odidi iṣu sílẹ̀ nínú àká títí orí rẹ̀ fi yọ ọ̀mùnú, ìyókù ara rẹ̀ yóò dákẹ́ bí ẹni pé a pàṣẹ fún un. Ẹ gé orí náà kúrò, kò ní pẹ́ púpọ̀ tí ojú mìíràn yóò fi là lára àárín tí ó ti ń sùn.

Ta ni ó pàṣẹ fún àárín pé kí ó sùn? Ta ni ó sì sọ fún un, lẹ́yìn tí a ti gé orí kúrò, pé àyè ti ṣí sílẹ̀? Iṣu kò ní etí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọpọlọ. Síbẹ̀, ìròyìn ń lọ láti ìkangun kan dé ìkangun kejì nínú rẹ̀, ìròyìn náà sì ń ní ìgbọràn. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń tú wò láti ohun tí ó lé ní 140 ọdún. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lónìí nínú ìgò kéékèèké ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń pèsè èbù iṣu tí kò ní àrùn. Ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ẹran ara ènìyàn dàgbà nínú àwo.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ara gbogbo ohun alààyè, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ewúrẹ́, ìbáà ṣe iṣu, ni a fi yàrá kéékèèké kọ́, yàrá tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì ni à ń pè wọ́n. Ìlànà kan náà ni ó wà ní àkọsílẹ̀ nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì iṣu kan; èyí tí ó wà ní ewé kò ní ìlànà tí èyí tí ó wà ní gbòǹgbò kò ní. Kí ni ó wá mú kí ọ̀kan di ewé kí èkejì sì di gbòǹgbò? Iṣẹ́ tí a rán sí i ni, àti ìwọ̀n tí iṣẹ́ náà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ irú ìránṣẹ́ báyìí dáadáa. Kí ìwé kíkọ tó tàn ká ilẹ̀ wa, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Owó ẹyọ kan náà ni. Iye rẹ̀ ni ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Kẹ́míkà kan yóò ti ibì kan jáde, yóò sì máa ràn lọ sí ibòmíràn, bí òórùn irú ti í le ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tí í sì í fẹ́lẹ́ bí a ti ń rìn lọ sí ìta, títí imú kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nítòsí orísun gba púpọ̀, ó sì ṣe ohun kan. Èyí tí ó wà láàárín gba ìwọ̀nba, ó sì ṣe ohun mìíràn. Èyí tí ó jìnnà gba díẹ̀, ó sì ṣe ẹ̀kẹta. Láti inú bí iṣẹ́ náà ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti ń mọ ibi tí ó wà nínú ara.

Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọ rẹ̀ Francis wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ba ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1880 wọ́n tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ọ̀mùnú koríko kan tí a ń fi irúgbìn rẹ̀ bọ́ ẹyẹ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ohun ọ̀gbìn a máa tẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Darwin fi fìlà kékeré dé orí ọ̀mùnú náà, kò sì tẹ̀ mọ́. Ó bo ìsàlẹ̀, ó fi orí sílẹ̀ gbangba, ọ̀mùnú sì tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìsàlẹ̀ ni ibi tí ó ń tẹ̀! Orí ni ó rí ìmọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ó jẹ́ iṣẹ́. Ohun kan nígbà náà ní láti máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí wá sí ìsàlẹ̀.

Ẹni tí ó mú ohun náà jáde ni Frits Went, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú Utrecht ní ilẹ̀ Hólàńdì, láàárín ọdún 1926 sí 1928. Ó gé orí ọ̀mùnú, ó gbé e lé orí ohun dídì kan tí a ń sè láti inú ewéko òkun, tí ó rí bí ẹ̀kọ tútù. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ó gbé orí náà dànù, ó gé ohun dídì yìí sí wẹ́wẹ́, ó sì gbé ègé kan lé ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀mùnú tí kò ní orí mọ́. Nínú òkùnkùn ni ó ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ tí ègé náà wà yára dàgbà ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ọ̀mùnú sì tẹ̀. Bí ó bá ti orí méjì tàbí mẹ́ta kó iṣẹ́ náà jọ sínú ègé kan, ọ̀mùnú á tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ègé ẹ̀kọ lásán ti di aṣojú orí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kò sì mọ ìyàtọ̀. Ní èrò tiwa, ọjọ́ tí Went ṣe èyí ni ènìyàn kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àrokò lé sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ nínú yàrá ìwádìí, tí ó sì pinnu ìwọ̀n tí yóò gbé lé e lọ́wọ́. Kẹ́míkà náà ni a ń pè ní auxin.

Bí auxin ti ń rìn yẹ fún àkíyèsí. Kì í kàn ràn káàkiri bí òórùn irú tí a sọ lókè. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tí ó ń gbà tú u jáde, apá ìsàlẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ni ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí sì pọ̀ sí jù. Nítorí náà, ọ̀kan ń fà á fún èkejì, èkejì ń fà á fún ẹ̀kẹta, bí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń ju búlọ́ọ̀kù sí ara wọn. Ìdí nìyí tí orí fi lè jọba lórí àwọn ojú tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n là. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé auxin nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú iṣu. Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà, wọ́n sì ní ẹ̀tàn nínú. Ọ̀kan nínú wọn, tí à ń pè ní gibberellin, ń jí ọ̀dùnkún òyìnbó lójú oorun. Bí a bá lo ohun kan náà fún iṣu, oorun iṣu á túbọ̀ gùn sí i ni. Ẹni tí ó bá ka ìwé lórí ọ̀dùnkún, tí ó sì rò pé òun ti mọ iṣu, yóò ṣi ọ̀nà.

Ọdún 1957 ni ọ̀rọ̀ wá yé ni kedere. Folke Skoog àti Carlos Miller, ní Yunifásítì Wisconsin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mú ègé kékeré láti inú igi tábà, wọ́n gbé e sórí ohun dídì tí wọ́n ti po oúnjẹ àti kẹ́míkà méjì pọ̀ mọ́: auxin ni ọ̀kan, kinetin ni èkejì. Nígbà tí auxin pọ̀ ju kinetin lọ dáadáa, ègé náà ta gbòǹgbò. Nígbà tí kinetin pọ̀ jù, ó yọ ọ̀mùnú. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní ìwọ̀n àárín, ègé náà kàn ń wú di kókó tí kò ní orí tí kò ní ìdí, bí àwùjọ tí kò ní olórí. Tábà kan náà ni, àwo kan náà ni. Ìwọ̀n iṣẹ́ tí a rán ni ó yàtọ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, ní 1962, Skoog àti Toshio Murashige tẹ ìlànà oúnjẹ kan jáde fún irú ègé bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wọ yàrá ìwádìí ohun ọ̀gbìn níbikíbi ní ayé lónìí, àfàìmọ̀ ni ẹ kò ní rí ìgò tí a kọ lẹ́tà méjì M àti S sí lára: orúkọ àwọn méjèèjì ni.

Nínú ẹran ara náà, bákan náà ni iṣẹ́ ń lọ. Ní ọdún 1969, Lewis Wolpert, ọmọ bíbí ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfríkà tí ó di onímọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fi àsíá ilẹ̀ Faransé ṣe àpẹẹrẹ: sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ náà le jù lọ́dọ̀ rẹ̀ di aláwọ̀ aró, àwọn ti àárín di funfun, àwọn tí ó jìnnà di pupa. Àwọn kan rò pé àpẹẹrẹ lásán ni títí di ọdún 1988, nígbà tí Wolfgang Driever àti Christiane Nüsslein-Volhard ní ilẹ̀ Jámánì rí iṣẹ́ náà gan-an nínú ẹyin eṣinṣin kékeré tí ń rà bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù. Ó le ní ibi tí orí yóò wà, ó ń dín kù bí a ti ń lọ sí ìdí. Nígbà tí wọ́n mú kí iṣẹ́ náà pọ̀ sí i, ààlà orí sún sẹ́yìn. Obìnrin yìí wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1995.

Ní ọdún 2009, Toshiro Sato àti Hans Clevers ní ilẹ̀ Hólàńdì mú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láti inú ìfun èkúté, wọ́n fún un ní àwọn iṣẹ́ tí ó máa ń rí gbà nínú ara, sẹ́ẹ̀lì náà sì dàgbà di ìfun kékeré nínú àwo. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn ṣe irú rẹ̀ láti ara ènìyàn: ìfun, ẹ̀dọ̀, àní ègé tí ó jọ apá kan ọpọlọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a lè dán oògùn tuntun wò lára irú ẹran ara bẹ́ẹ̀ kí aláìsàn tó gbé e mì. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Nínú ara wa, iṣẹ́ náà a máa le ní ìsàlẹ̀ àwọn kòtò kéékèèké inú ìfun, a sì máa dín kù bí a ti ń gòkè. Nínú àwo, a ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀; ibi gbogbo ni ó dọ́gba. Nítorí náà ni ìfun inú àwo fi máa ń yọ ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún láìlétò. Láti tún èyí ṣe, wọ́n ṣe àpótí tín-ín-rín kan tí ipadò méjì ń ṣàn nínú rẹ̀, ohun dídì sì wà láàárín wọn. Wọ́n po iṣẹ́ náà mọ́ omi ọ̀kan, wọn kò po ó mọ́ ti èkejì. Iṣẹ́ náà yóò máa ràn láti ẹ̀gbẹ́ tí ó ti pọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ti sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàárín á sì tún rí ọ̀nà mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Ẹ rántí Went àti ègé ẹ̀kọ rẹ̀; ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí iṣu, nítorí òun ni ó kan àpò àwọn òǹkàwé wa jù. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nìkan ń pèsè ju ìdajì iṣu gbogbo àgbáyé lọ, kò sì sí ibi tí iyán ti níyì ju ilẹ̀ Èkìtì lọ. Síbẹ̀, èbù ni ó ń fọ́ àgbẹ̀ lórí. Ọkà àgbàdo kan tí a gbìn a máa fúnni ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkà. Iṣu tí a gé sí èbù mẹ́rin, iṣu mẹ́rin tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a óò retí. Nítorí náà, apá tí kò kéré nínú ìkórè ọdún yìí ni yóò padà sínú ilẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, a kò lè jẹ ẹ́, a kò sì lè tà á.

Àrùn wá gun orí rẹ̀. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni àrùn tí í máa mú kí ewé iṣu ní àbàwọ́n, tí àwọ̀ ewé tútù àti àwọ̀ pupa rúsúrúsú yóò pín ojú ewé mọ́ra wọn lọ́wọ́. Fáírọ́ọ̀sì ni ó fà á, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ewé mu ni wọ́n sì ń gbé e kiri. Tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ inú ìtàkùn, yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú iṣu. Inú iṣu ni yóò ti bọ́ sínú èbù, inú èbù sínú ìtàkùn ọdún kejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù nìyí: ìtàkùn tí ó ní àrùn a máa so iṣu wẹ́wẹ́. Iṣu wẹ́wẹ́ kì í tà lọ́jà, nítorí náà àgbẹ̀ a kó o pamọ́ fún èbù, a sì kó iṣu ńláńlá tí ara rẹ̀ dá lọ sí ọjà. Lọ́dọọdún ni a ń yan aláìsàn fún ìran tí ń bọ̀, láìmọ̀.

Níhìn-ín ni Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Àgbáyé fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Olóoru, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1952, nígbà tí Georges Morel àti Claude Martin ṣàkíyèsí pé góńgó orí ọ̀mùnú, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín, sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, bí gbogbo ìyókù igi tilẹ̀ kún fún un. Wọ́n gé góńgó náà lára òdòdó kan tí ń ṣàìsàn, wọ́n sì rí òdòdó tí ara rẹ̀ dá gbà. Ti iṣu rí bákan náà. Òṣìṣẹ́ yóò jókòó ti awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, yóò fi abẹ tín-ín-rín gé góńgó tí kò tó mìlímítà kan, yóò sì gbé e sínú ìgò tí a ti sè pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n góńgó yìí ti di ọmọ òrukàn. Kò sí ewé tí yóò ṣe oúnjẹ fún un, kò sí gbòǹgbò, kò sí ara ńlá tí yóò máa rán iṣẹ́ sí i. Àfi kí a ṣe gbogbo rẹ̀ fún un. Ṣúgà wà nínú oúnjẹ rẹ̀, iyọ̀ oríṣiríṣi wà níbẹ̀, auxin àti ìbátan kinetin sì wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó kéré gidigidi, tí kò sábà ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gíráàmù lọ nínú lítà omi kan. Bí auxin bá pọ̀ jù, kókó aláìlórí tí Skoog rí ni yóò wú. Bí kò bá sí rárá, góńgó lè jókòó síbẹ̀ kí ó kú. Irú iṣu kan yàtọ̀ sí èkejì pẹ̀lú: ìwọ̀n tí ó bá iṣu funfun mu lè má bá ewùrà mu. Ó gba oṣù púpọ̀ kí góńgó kan tó di igi kékeré tí a lè yẹ̀ wò bóyá fáírọ́ọ̀sì ti kúrò lára rẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni, irọ́ ni ó ń pa.

Tí ó bá ti mọ́, bíbí sí i ni ó kù. Ní ọdún 2011 ni IITA àti àwọn alájọṣepọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan lórí èbù iṣu, tí àjọ Bill & Melinda Gates fi owó ràn lọ́wọ́. Lára ohun tí wọ́n ń lò ni ìgò onílé méjì kan: omi oúnjẹ yóò gòkè bo àwọn igi kékeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò tún sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Iṣẹ́ àti oúnjẹ ń kàn wọ́n lára, wọn kò sì rì sínú omi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gé ìtàkùn wọn ní ojúkò ojúkò, wọ́n á sì fi àwọn kan kọ́ sínú àpótí dúdú tí gbòǹgbò wọn ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí a sì ń fọ́n omi oúnjẹ sí wọn. Iṣu wẹ́wẹ́ tí ń tibẹ̀ jáde yàtọ̀ sí iṣu wẹ́wẹ́ inú àká wa: kékeré ni, ṣùgbọ́n àìsàn kọ́ ni ó sọ ọ́ di kékeré.

Iṣẹ́ yìí wọ́nwó, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ gbogbo àgbẹ̀ tí ó wà láàárín Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ ní ọ̀la. Èbù tí ara rẹ̀ dá kò ní àjẹsára pẹ̀lú. Bí a bá gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ oko tí ewé rẹ̀ ti ní àbàwọ́n, àwọn kòkòrò á gbé àrùn wá bá a. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ọgbọ́n náà tí kò gba ìgò.

Nígbà tí ìtàkùn bá ṣì tutù nínú oko, kí àgbẹ̀ rìn yí ká, kí ó ki igi àmì mọ́ ebè tí ewé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Inú àwọn ebè wọ̀nyí ni kí ó ti mú iṣu tí yóò fi ṣe èbù, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó tóbi tí kò sì ní egbò lára, bí ó tilẹ̀ dun ojú. Iṣu bẹ́ẹ̀ ni a lè gé sí wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí ilé ìwádìí ti Umudike àti ti Ìbàdàn ti fi kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn: ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 25 sí 50, kí èèpo sì wà lára rẹ̀ dandan, nítorí abẹ́ èèpo ni ojú tuntun ti ń là. A ó fi oògùn kòkòrò àti ti èbu pa á lára, a ó fi sílẹ̀ ní ibòji kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, a ó sì tò ó sínú ìyẹ̀fun pákó tí ó tutù díẹ̀ títí yóò fi rú. Kí a má ṣe da ègé orí, ti àárín àti ti ìdí pọ̀ mọ́ ara wọn. Ti orí yóò tètè yọ, a ó sì tètè gbé e lọ sí ebè. Ti ìdí lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ́ jù ú lọ. Ẹni tí ó bá dà wọ́n pọ̀ yóò máa tú gbogbo rẹ̀ wò lójoojúmọ́, yóò sì máa ṣẹ́ ọ̀mùnú tí ó ti yọ.